Ọjọ́ tí Mujeebat Kọ́kọ́ Dé Ilé Òkìtì

Ẹ sún mọ́bí. Ìwọ tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé, atẹ́gùn kò ní í jẹ́ kí o gbọ́ mi dáadáa. Ẹ fàyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbọ́mọ lọ́wọ́, kó gbé e lé itan. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lápò, kó pín in kiri, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wà nídìí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó korò níbẹ̀rẹ̀, ó korò láàárín, ṣùgbọ́n inú èmi Àtọ́kẹ́ tí mo ń sọ ọ́ dùn dé ẹ̀yìn. Orin ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Bí mo bá dá a, ẹ gbè é.

Ta ló ń kanlẹ̀kùn mi?
Ọmọ ni, ọmọ ni.
Kí ló ń wá nílé mi?
Èkejì rẹ̀ ló ń wá.

Ẹ ṣé. Ó ti tó.

Zulaihat ni ìyàwó ọmọ mi. Ó bí ìbejì sílé wa ní Bẹyẹrúnkà, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin ni Misbaudeen, òun ni Táyé. Obìnrin ni Mujeebat, òun ni Kẹ́yìndé. Ishaq ọmọ mi, bàbá wọn, awakọ̀ akẹ́rù ni, òkè Ọya ló ń ná, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fojú kan ilé. Nítorí náà, èmi àti Zulaihat la jọ ń tọ́ àwọn ọmọ náà. Mo ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba, òun ń ránṣọ nínú ilé, bí ọ̀kan bá jáde, èkejì a dúró.

Táyé ni ẹlẹ́nu. Táyé ní í kí àlejò, Táyé ní í tọrọ omi fún àwọn méjèèjì, Táyé ní í fò láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí ẹní tí gbogbo ilé á mì. Ńṣe ni Mujeebat á máa wò ó láti abẹ́ ìró mi. Onítìjú ni ọmọ yẹn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Bí ẹnì kan bá kí i, á fi ìró mi bo orí, á wá na ìka sí Táyé, pé kí wọ́n lọ bá iyẹn sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ń jẹun, ọ̀kan kì í ṣáájú èkejì parí. Bí Táyé bá bu òkèlè kan, Mujeebat á bu òkèlè kan. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Nínú oṣù Kẹfà tó kọjá, ibà kọ lu Táyé. A gbé e lọ sọ́sibítù, ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó lọ. Kí a tó gbé e délé, wọ́n ti mú Mujeebat lọ sílé ojúlùmọ̀ wa kan ní Bẹẹrẹ, kí ojú rẹ̀ má baà kan òkú. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára, a sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. A kì í ní ìbejì kú. A kì í sọ ọ́ létí èkejì rẹ̀, a kì í tilẹ̀ sọ ọ́ láàárín ara wa. A ó ní ó rìnrìn àjò. A ó máa bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú abọ́ tirẹ̀. Bí a bá ra bàtà fún èyí tó kù, a ó ra tirẹ̀ náà. Ìyá wọn kò gbọdọ̀ sunkún, torí wọ́n ní bí èyí tó kù bá gbọ́ ẹkún náà, á tẹ̀ lé èkejì rẹ̀. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nìyẹn. Baálé wa, Alhaji Màmúdù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kó gbogbo agboolé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kìlọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ létí Mujeebat, ẹni náà ló pa á.

A gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ohun tí a gbàgbé ni pé a kò fẹnu kò lórí ibi tí Táyé rìnrìn àjò lọ. Nígbà tí Mujeebat ti Bẹẹrẹ dé, tó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, olúkúlùkù sọ èyí tó bá a lẹ́nu. Baálé ní Ìlọrin ló lọ. Èmi ní ó lọ ra aṣọ ní Gbági. Zulaihat ní ó lọ síléèwé.

Ọmọ náà gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iléèwé ló mú. Kò mọ Ìlọrin, kò mọ Gbági. Ó mọ iléèwé, torí ojoojúmọ́, ní aago méjì, làwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ máa ń kọjá níwájú ilé wa pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Bó ṣe di pé bó bá ti di aago méjì, Mujeebat á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Á wo ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá. Bí ẹni ìkẹyìn bá kọjá, á padà wá sábẹ́ ìró mi. Kò sunkún. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá.

Oúnjẹ ló wá di ìṣòro. A ń bu abọ́ méjì kalẹ̀ bí àṣà ti wí. Mujeebat á jẹ ṣíbí kan tàbí méjì nínú tirẹ̀, á sì dúró. Ó ń dúró de Táyé. Abọ́ Táyé kò dín. Nítorí náà tirẹ̀ náà kò dín. Mo rọ̀ ọ́, mo kọrin fún un, mo fi ṣíbí ṣe ọkọ̀ òfuurufú bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń ṣe. Á yanu fún mi lẹ́ẹ̀kan, á sì tún yíjú sí abọ́ kejì, á wo bóyá ó ti dín.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, èmi àti Zulaihat lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọdé, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ọmọ mẹ́jọ ni èmi fúnra mi bí, mo sì ti pọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Ẹ̀yìn mi mọ bí ọmọ ọdún mẹ́ta ti í wúwo. Èyí tó wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí mo pọn aṣọ tí a ká ni. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n ń jẹ́ Bertha, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó wo ìwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kílò mẹ́sàn-án ni, bẹ́ẹ̀ ó ju mọ́kànlá lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, bí mo bá tún wọ̀n ọ́n tó bá tún dín, ọsibítù ni yóò máa sùn. Mo ti rí irú rẹ̀. Àwọn kan kì í bá wa padà sílé.”

Zulaihat ń fi èékánná fá etí bẹ́ńṣì tí a jókòó lé. Bertha bèèrè bóyá ọmọ náà ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. A ní rárá. Ó ní ọmọ òun obìnrin, Clara, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní òkìtì lárààárọ̀ Sátidé ní gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní Òkè Padre, wọ́n ń fò, wọ́n ń yí, wọ́n ń fọwọ́ rìn. Ó ní ọmọ tó bá fò, ebi á pa á, ọmọ tí ebi bá pa láàárín ọmọ, á jẹun. Mo ní ọmọ tí kò lágbára àtigbé ṣíbí ni ẹ fẹ́ kó lọ ta òkìtì? Ó ní kí n ṣáà gbé e lọ.

Mo rò pé Baálé ò ní í gbà, nítorí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní òkìtì kò ní ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n gbé abọ́ méjì dání o, bí mo ti ń ṣe nílé. Wọ́n tún pè mí padà nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Àtọ́kẹ́, ẹnu ẹ.”

Ní àárọ̀ Sátidé, Zulaihat se ẹ̀wà, ó dín dòdò, ó bù ú sínú abọ́ oníderí méjì. Ó wẹ ọmọ náà, ó ń wọṣọ fún un, ló bá ṣèèṣì sọ ọ́ pé, “Kíláàsì lẹ ń lọ.” Kò ní nǹkan kan lọ́kàn tó fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iléèwé ni Mujeebat gbọ́ níbẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Ọmọ tí a máa ń fà kó tó kúrò lórí ẹní, ó rìn lọ síbi àpótí bàtà. Ó mú sáńdàlì tirẹ̀, ó mú ti Táyé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra méjèèjì lọ́sẹ̀ náà ni, ẹnikẹ́ni kò tí ì wọ ti Táyé rí, wọn ò tí ì yọ bébà inú rẹ̀. Ó wọ tirẹ̀ sódì. Ó fi ti Táyé há abíyá. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Zulaihat yíjú sí ògiri. Èmi ńkọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo jù mí lọ, orin ni mo fi í gbé e. Mo pọ̀n ọ́n, mo ń kọ ọ́ lábẹ́nú:

Bàtà mẹ́rin, ẹsẹ̀ méjì,
Mo rí i, mi ò gbọdọ̀ wí.
Ẹnu mi di àpótí,
Ẹni tó tì í ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó gbé wa gba Ọjà'ba, ó gba abẹ́ Màpó, ó já sí Bẹẹrẹ. Awakọ̀ náà, ọmọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan, bèèrè ibi tí màmá ń lọ láàárọ̀ kùtù báyìí. Mo ní ibi tí wọ́n ti ń ta òkìtì. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin náà á ta á, Ìyá?” Mo ní tèmi ti parí látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Òkè Padre. Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọkàn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi bó ti ń lù kìkì, bí ọkàn ẹyẹ. Láti oṣù Kẹfà ni kò ti lù báyẹn.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà kún fún bàtà ọmọdé. Mujeebat jà kúrò lẹ́yìn mi, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó lóṣòó síbẹ̀, ó ń gbé bàtà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń gbé e padà. Nígbà tó wò wọ́n tán, ó mú sáńdàlì Táyé kúrò lábíyá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ láàárín tàwọn yòókù. Ó wá di ìró mi mú, a wọlé.

Fóòmù búlúù ni wọ́n tẹ́ ka gbogbo ilẹ̀. Igi gbọọrọ kan wà lórí ẹsẹ̀ kúkúrú, tí àwọn ọmọ ń gun, tí wọ́n ń na apá méjèèjì bí ẹyẹ. Clara jẹ́ ọmọge tó gé irun mọ́lẹ̀, ó so fèrè mọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ Mujeebat, kò fọwọ́ kàn án, ó ní kò sí wàhálà, kó dúró síbẹ̀ kó máa wòran títí yóò fi wù ú. Ó wù mí bó ti ṣe é.

Ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Wọ́n rìn bí akàn, wọ́n fò bí ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n di ara wọn róbótó, wọ́n ń yí lọ lórí fóòmù. Àwọn òbí wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń fi fóònù ya wọ́n. Inú mi dùn sí wọn, ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa jó. Mujeebat ò wo òkìtì kankan. Ojú ló ń wò. Láti abẹ́ ìró mi, ó ń wo ojú ọmọ kan, ó ń bọ́ sórí òmíràn. Èmi náà ń kà á bó ti ń lọ. Nígbà tó wo ìkọkànlá tán, mo mọ̀ ọ́n lára. Ó fi gbogbo ara tì mí lẹ́sẹ̀ bí aṣọ tí ó já lórí okùn.

Clara fọn fèrè, ó ní kí wọ́n dúró ní méjì méjì, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ó ku ọmọkùnrin kan tí kò ní èkejì, Ògoolúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, olórí ńlá, ojú rẹ̀ kò ní ìtìjú kankan. Ó tọ̀ wá wá, ó na ọwọ́ sí Mujeebat. Ẹ̀rù bà mí pé yóò bo orí. Kò bo orí. Ó jáde, ó rìn lọ sórí fóòmù, ó jókòó, ó fọwọ́ gbá àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ògoolúwa rò pé òun ló ń pè, ló bá jókòó síbẹ̀. Mujeebat tì í. Ó fi ìwọ̀nba agbára tó ní tì í ṣubú.

Ó ní, “Ti Táyé ni. Ó ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ì bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ǹ bá jó.

Clara bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá arákùnrin rẹ̀ ni Táyé. Mo ní ìbejì ni wọ́n. Inú rẹ̀ dùn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọ àwọn tó kàwé, kò mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní ìbejì kan ṣì ń bọ̀ lọ́nà, kí gbogbo wọn jókòó, kí àwọn dúró dè é díẹ̀.

Wọ́n jókòó. Ọmọ mọ́kànlá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mujeebat wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé ayé wá ń bá òun dúró. Ojú rẹ̀ là. Ó na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí, kí lẹ bá ṣe? Baálé ti ní ẹni tó bá sọ ọ́ ló pa á. Mo sì gbà wọ́n gbọ́, ẹ má rò pé mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ti sọ tirẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè kú. Bí mi ò bá sọ ọ́, ó ń kú lọ. Àwọn ọmọ náà ń wo ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn ti ń yún ara, àwọn òbí ti ń wo aago. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sórí fóòmù náà. Mo jókòó síwájú rẹ̀.

Mo ní, “Mujeebat, Táyé ò ní í wá. Táyé kú. A ti sin ín. Irọ́ la pa fún ẹ, èmi náà wà níbẹ̀.”

Clara fọwọ́ bo ẹnu. Mujeebat wò mí. Ó bèèrè bóyá kò sí níléèwé. Mo ní kò sí níléèwé. Ó ní Gbági ńkọ́. Mo ní kò sí ní Gbági.

Ògoolúwa, tó ti dìde níbi tí wọ́n tì í sí, sún mọ́ wa. Ó ní, “Ajá wa náà kú. Kò jẹ eegun rẹ̀ mọ́.”

Clara fẹ́ fà á kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mujeebat yíjú sí ọmọkùnrin náà, ó bèèrè pé kò jẹ ẹ́? Ó ní kò jẹ ẹ́, eèrà ló bo eegun náà, dádì òun sì kó o dànù. Ọ̀rọ̀ náà yé Mujeebat ju tèmi lọ. Ó wo báàgì tí mo gbé kọ́ apá, níbi tí abọ́ méjèèjì wà.

“Táyé ò ní í jẹ ẹ̀wà?”

“Kò ní í jẹ ẹ́ mọ́, ọmọ mi.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó tín-ín-rín, bíi ti ọmọ ologbò. Ó wá ń ga, ó ń ga, títí àwọn ọmọ yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bá a. Òkìtì tọjọ́ náà parí síbẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, mo kó bàtà méjèèjì sínú báàgì, mo bẹ Clara, Clara náà ń bẹ̀ mí. Gbogbo ọ̀nà títí dé Bẹyẹrúnkà ló ń sunkún. Mo wá orin, n ò rí i.

Mo sọ fún Zulaihat ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé yóò bá mi jà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gba ọmọ náà sáyà, ó sunkún tí kò tí ì sun láti oṣù Kẹfà. Ẹkún náà ló mú Baálé jáde. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ ohun tí mo wí. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní mo ti ṣílẹ̀kùn fún ọmọ náà, kí n tètè tì í padà. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé mo purọ́, pé Táyé wà ní Ìlọrin.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n foríjì mí, mi ò lè tún irọ́ náà pa.

Zulaihat gbé ojú sókè, omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Baba, èmi ni mo bí i. Ọmọ mi kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.”

Baálé wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ara Mujeebat gbóná. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá níbẹ̀. Àwọn obìnrin agboolé ń kọjá níwájú yàrá wa, wọ́n ń wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo jókòó ti ọmọ náà, mo ń fi aṣọ tútù nu ún, mo ń sọ lọ́kàn mi pé bó bá kú, èmi ni, kí Ọlọ́run má fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ìyá rẹ̀. Bertha wá sílé fúnra rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ibà ni, irú èyí tó ń mú gbogbo ọmọ lásìkò yìí. Mo ní irú rẹ̀ náà ló pa èkejì. Ó ní òun mọ̀. Ó fún wa lóògùn, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára ògiri. Ọjọ́ Ajé, ó gbóná. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbóná díẹ̀. Baálé ń fi ọmọ kékeré kan ránṣẹ́ wá béèrè bó ti ń ṣe, àwọn fúnra wọn kò yọjú.

Ní ọjọ́rú, bí wọ́n ti ń pe ìrun Àìlà, Mujeebat dìde jókòó. Ara rẹ̀ tutù. Ó ní ebi ń pa òun.

Zulaihat sáré. Ẹ̀wà wà lórí iná, ó bù ú, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, abọ́ méjì ló gbé kalẹ̀. Ìgbà tó rí ohun tó ṣe, ó fẹ́ gbé ọ̀kan kúrò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A jókòó, a ń wo ọmọ náà. Ó jẹ ṣíbí kan nínú tirẹ̀, ó jẹ méjì. Ó dúró. Ó wo abọ́ kejì, ó wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́, ó fa abọ́ náà mọ́ra, ó dà á lé tirẹ̀ lórí, díẹ̀ dà sórí ẹní. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó ṣa èyí tó dà sórí ẹní.

Láti ọjọ́ náà, abọ́ kan la ń bù.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Zulaihat gbé ìkòkò ńlá kaná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní sàárà Misbaudeen ni, òun fẹ́ ṣe é ní gbangba, kí òun dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀wà tó dọ́gba pẹ̀lú epo, dòdò kún abọ́ ńlá kan. Bí a ti ń gbé e jáde, ọmọ tí Baálé máa ń rán níṣẹ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Baálé ní kí a fi tàwọn sílẹ̀, kí dòdò rẹ̀ pọ̀. Ẹ wò ó, wọn ò tí ì dáhùn kíkí mi títí di òní yìí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ̀wà náà. A bu tiwọn, ó kún.

Ní Òkè Padre, Mujeebat dúró tì mí, ó di etí ìró mi mú bí ti tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín, onítìjú kì í di ẹlẹ́nu lọ́sẹ̀ kan. Clara dúró, Ògoolúwa náà dúró, ó ń fi ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá fóòmù. Nígbà tó pẹ́, Mujeebat jọ̀wọ́ ìró mi. Ó rìn lọ. Clara fọwọ́ gbé ikùn rẹ̀, ó ní kó fi orí kan ilẹ̀, kó tì. Ó tì. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí iṣu tó bọ́ lórí àtẹ. Ó dìde, ó tún irun ṣe, ó tún fi orí kan ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yí dé òdìkejì, ó jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ ń pòòyì. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Mo rí i tó wò ó. Ògoolúwa wá jókòó síbẹ̀, Mujeebat kò tì í.

Orin tó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní padà wá. Mo dá a láàárín gbọ̀ngàn náà, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọmọ mùsùlùmí gbè é:

Ẹni tó lọ ti lọ o,
Ẹ bu tirẹ̀ fún alààyè.
Ẹni tó kù, kó jẹun,
Kó jẹun, kó yó.

A ṣí ìkòkò. Zulaihat dárúkọ ọmọ rẹ̀ síta, ó ṣàdúà, wọ́n ṣàmín. Ó wá ń bù ú. Àwọn òbí tó ń fi fóònù ya àwòrán fi fóònù sápò, wọ́n ń na abọ́. Clara jẹ ẹ́ ní ìnàró. Ògoolúwa gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní ti ìyá òun ni ìkẹta, ó sì jẹ ẹ́ lójú ìyá rẹ̀. Mujeebat jẹ abọ́ kan tán, ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀ kó tún fi díẹ̀ sí i. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àtàrí, a ti ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Gbogbo wọn bọ́ síta pẹ̀lú epo lẹ́nu, wọ́n ń wá bàtà wọn, wọ́n ń kí wa pé ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ebi ń pa nínú wọn. Olúkúlùkù yó, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ.